Bí okùn irin ṣe yọ lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì ní Arecibo: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Ní òru ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, kí aago mẹ́ta tó lù, okùn irin kan tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 83 yọ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, irin oníhò tó fi rọ̀ mọ́ orí òpó, ní Arecibo, ibùdó tí wọ́n ti ń fi rédíò wo ojú ọ̀run ní erékùṣù Puerto Rico. Ó jábọ́ sórí àwo rédíò ńlá tó wà nísàlẹ̀, ó sì ya á ní ìyà tó gùn tó nǹkan bí 30 mítà. Ààrin okùn kọ́ ló já. Ìdí rẹ̀ ló tú, níbi tí wọ́n ti fi síńkì dì í mọ́ inú irin. Oṣù mẹ́rin kò pé lẹ́yìn náà tí gbogbo ẹrù tí àwọn okùn yìí gbé sókè fi wó lulẹ̀ pátápátá.

Ẹni tó bá ń ṣe okùn ìgbẹ́rù, tàbí tó ń fi kirénì lò ó, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yẹ̀ ẹ́ wò, ní ohun púpọ̀ láti rí mú níbẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà dí ìdí okùn irin, sọ́kẹ́ẹ̀tì onísíńkì ni gbogbo ìwé iṣẹ́ kà sí èyí tó lágbára jù: wọ́n ní agbára rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti okùn fúnra rẹ̀, ìdá 100 nínú 100. Síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ tú. Ó sì ti ń tú bọ̀ láti ọdún mélòó kan, ní ìwọ̀n tí rúlà lásán lè fi hàn.

Ohun tí àwọn okùn náà gbé

Ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1963 ni wọ́n ṣí ibùdó Arecibo. Àwo náà fẹ̀ tó 305 mítà, inú kòtò àdánidá láàárín àwọn òkè ni wọ́n sì tẹ́ ẹ sí. Ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run kò sí nínú àwo fúnra rẹ̀. Orí pèpéle irin ló wà, tó rọ̀ ní nǹkan bí 150 mítà lókè àwo. Òpó kọnkéré mẹ́ta ló yí i ká. Wọ́n fi ojú aago sọ wọ́n lórúkọ: Òpó 4, Òpó 8 àti Òpó 12. Okùn mẹ́rin tí ìnípọn wọn jẹ́ mìlímítà 76 ló ti orí òpó kọ̀ọ̀kan wá gbé pèpéle náà. Lẹ́yìn òpó, okùn mìíràn fà á sẹ́yìn mọ́ ìdákọ̀ró nínú ilẹ̀, kí ẹrù má bàa fa òpó wọ àárín.

Láàárín ọdún 1992 sí 1997 wọ́n fi ẹ̀rọ tuntun kún ohun tó wà lórí pèpéle, ìwọ̀n rẹ̀ sì di nǹkan bí tọ́ọ̀nù 900. Okùn àtijọ́ nìkan kò lè gbé e mọ́ pẹ̀lú ìlọ́po ààbò tó yẹ, ìyẹn iye ìgbà tí agbára okùn fi ju ẹrù rẹ̀ lọ. Wọ́n wá fi okùn méjì-méjì kún ti òpó kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ mìlímítà 83. Èyí tó yọ lóru ọjọ́ náà, M4N ni wọ́n ń pè é: okùn àfikún ìhà àríwá lórí Òpó 4. Kí ẹ kíyè sí i pé okùn ọdún 1990 sí 1999 ni. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1963, tí gbogbo ènìyàn ń fura sí nítorí ọjọ́ orí wọn, ṣì dúró nígbà tí èyí tó kéré sí wọn ní ọgbọ̀n ọdún tú.

Okùn yìí kò dà bí èyí tí a ń fi ṣe sílíǹgì, okùn tí a fi ń so ẹrù mọ́ ìkọ́ kirénì. Okùn sílíǹgì ní ìlọ́ mẹ́fà tó lọ́ mọ́ ọ̀pá inú kan, ìlọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní wáyà tín-ín-rín bíi 19 tàbí 36. Ìdí nìyẹn tó fi ń tẹ̀, tó ń gba ìkọ́, tí a sì lè dá a padà láti fi ṣe ojú. Okùn ti Arecibo jẹ́ ìlọ́ kan ṣoṣo: wáyà líle, tó nípọn, tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n lọ́ ní ìpele lórí ìpele. Kì í tẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè dá a padà ṣe ojú, kílíìpù kò sì lè mú un. Sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ló bá a mu.

Wáyà inú rẹ̀ jẹ́ irin oníkábọ̀n púpọ̀, nǹkan bí ìdá 0.8 nínú 100. Wọ́n máa ń mú ọ̀pá irin náà gbóná kọjá 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á tì í bọ inú lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ tó wà ní nǹkan bí 500 kí inú rẹ̀ lè rẹ́ dáadáa, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fà á gba inú ihò líle kan dé òmíràn, tí ihò kọ̀ọ̀kan ń dín in kù. Fífà yìí ló ń fún un lágbára. Wọ́n á wá rì í sínú síńkì kí ó má bàa dípẹtà, kí wọ́n tó lọ́ ọ. Okùn orí ilé àti ti afárá ni wọ́n tún máa ń na tẹ́lẹ̀, ní nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀, kí àwọn wáyà lè jókòó sáàyè wọn kí ó tó dé ibi iṣẹ́.

Bí a ṣe ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì onísíńkì

Sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ irin tí a yọ́ dà tàbí irin tí a lù, tí inú rẹ̀ ṣófo. Ihò náà gbòòrò lókè, ó sì ń tín-ín-rín bọ̀ dé ẹnu ibi tí okùn ń gbà jáde. Gígùn ihò yìí sábà máa ń jẹ́ bíi ìlọ́po márùn-ún ìnípọn okùn. Fún okùn mìlímítà 83, ó ń lọ sí bíi mìlímítà 400. Etí méjì tàbí ojú kan ló máa ń wà lókè rẹ̀ tí a fi ń so ó mọ́ píìnì.

Kí a tó gé okùn, a ó kọ́kọ́ fi wáyà rírọ̀ dì í yíká ní apá méjèèjì ibi tí a fẹ́ gé. Bí a bá gbójú fo èyí, ìlọ́ á tú lójú kan náà, okùn á sì pàdánù ìrísí rẹ̀ ní mítà púpọ̀ sẹ́yìn. A ó tún dì í ní ibi tí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì máa dé, kí gígùn tó wà lókè ìdì yìí bá ihò mu gẹ́lẹ́. A ó gbé okùn náà dúró ṣánṣán nínú fáìsì, a ó sì tú u sí wáyà kọ̀ọ̀kan. Bí okùn bá ní ọ̀pá inú tó jẹ́ òwú, a ó gé òwú náà kúrò. Bí ó bá jẹ́ irin, a ó tú òun náà. Ohun tó jáde lókè ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ọwọ̀: gbogbo wáyà tàn káàkiri, ó sì yẹ kí àyè wà láàárín ọ̀kan àti èkejì tí síńkì lè gbà kọjá.

Ibi ọwọ̀ yìí ni iṣẹ́ rere àti iṣẹ́ burúkú ti ń pínyà. Bí àwọn wáyà àárín bá ṣì wà ní ìdì kan tí a kò tú, síńkì kò ní wọ àárín wọn. Wọn á máa yọ̀ lára ara wọn. Bí ọwọ̀ bá tẹ̀ sí apá kan, síńkì á pọ̀ lápá kejì láìsí wáyà tó máa dì í mú, apá kan á sì máa ru ẹrù ju ìkejì lọ. A kì í tẹ orí wáyà padà bí ìkọ́ nínú irú okùn líle yìí. Ó kàn ń gba àyè síńkì ni, bí a bá sì ti tẹ̀ ẹ́, ó ti ní ibi tí ó ti rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni fífọ̀. Gírísì kò gbọdọ̀ kù lára wáyà kankan. A ó da ọwọ̀ kọ sísàlẹ̀ nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́, kí omi ìfọ̀ má bàa ṣàn wọ inú okùn, kí ó sì gbé gírísì inú padà wá lẹ́yìn. Tí a bá gbẹ́kẹ̀ lé áásíìdì, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó sì fi omi gbígbóná ṣan án dáadáa. Wáyà líle máa ń mu háídírójìn láti inú áásíìdì, èyí sì lè jẹ́ kí ó sán lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀ láìsí ẹrù àrà ọ̀tọ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni kí a rì ọwọ̀ sínú omi fílọ́kìsì gbígbóná, tí yóò mú kí síńkì lẹ̀ mọ́ irin.

A ó fa sọ́kẹ́ẹ̀tì gorí ọwọ̀ títí orí àwọn wáyà á fi dọ́gba pẹ̀lú etí ihò. Okùn gbọ́dọ̀ wà ní àárín ẹnu, kí ó sì dúró gbọnrangandan. Ní ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kí okùn náà tọ́ ní gígùn tó pọ̀ díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ lọ síbòmíràn. A ó fi amọ̀ tó ń gba iná dí ẹnu ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó fi iná mú sọ́kẹ́ẹ̀tì gbóná yíká, kì í ṣe lójú kan. Tí irin bá tutù, síńkì á dì lára ògiri kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Tí omi bá wà níbẹ̀, kódà ìrì lásán, síńkì á fọ́n jáde lójú ẹni tó ń dà á.

Síńkì tó mọ́ ni a ń lò, ìdá 99.9 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó ń yọ́ ní 419 lórí Celsius. A máa ń dà á ní bíi 510 sí 525. Tí ó bá gbóná jù, pàǹtí á pọ̀ nínú rẹ̀, ooru rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ agbára tí fífà ti fún wáyà. A ó gbá pàǹtí ojú rẹ̀ kúrò, a ó sì dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró, títí yóò fi kún. Ẹni tó bá dà á ní ẹ̀ẹ̀mejì ti fi ìlà ìpínyà sí inú ohun tó yẹ kó jẹ́ odindi. Bí ó bá ti tutù, a ó tú amọ̀ kúrò, a ó sì wo ẹnu: ó yẹ kí síńkì ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ó hàn láàárín àwọn wáyà. Lẹ́yìn èyí, kò sí ojú tó lè wo inú sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ títí ọjọ́ tí wọ́n bá là á.

Ohun tó ń di okùn mú

Ọ̀pọ̀ ló rò pé lílẹ̀ síńkì mọ́ wáyà nìkan ló ń ru ẹrù. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrísí ihò ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Bí ẹrù bá fa okùn, odindi síńkì pẹ̀lú wáyà inú rẹ̀ á sún wá sí ẹnu tó tín-ín-rín. Bí ó ti ń sún, ògiri ihò á fún un, ó sì ń di àwọn wáyà mú le sí i. Ẹrù púpọ̀, dídì púpọ̀. Nítorí náà, kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kì í sún díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí a bá gbé ẹrù lé e. Sísún yẹn dára, a sì retí rẹ̀. Ó kàn gbọ́dọ̀ dúró ni.

Ní Arecibo, kò dúró.

Àlàyé rẹ̀ wà nínú síńkì fúnra rẹ̀. Gbogbo irin tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ láìsọ̀ máa ń sún díẹ̀díẹ̀ bí ooru rẹ̀ bá ti sún mọ́ ibi tí ó ti ń yọ́. Òṣùwọ̀n Kelvin, tó fi nǹkan bí 273 ju ti Celsius lọ, ni a fi ń wo èyí. Síńkì ń yọ́ ní 693 Kelvin. Ọjọ́ kan lásán ní Puerto Rico jẹ́ bíi 300. 300 yìí jẹ́ ìdá 43 nínú 100 ibi yíyọ́ rẹ̀, ibi tí àwọn onímọ̀ irin sì ti ń retí kí irin bẹ̀rẹ̀ sí í sún jẹ́ bíi ìdá 40. Fún wáyà irin líle, ooru ọjọ́ kan náà kò ju ìdá 17 lọ. Òun kì í sún rárá. Ohun tó ń di wáyà mú ló ń rìn, nígbà tí wáyà dúró gbọn-in. Bí síńkì bá ti ń rìn jáde lẹ́nu ìsàlẹ̀, fífún ògiri á máa dín kù ní òkè, ẹrù á sì máa kó ara rẹ̀ jọ sórí àwọn wáyà kan ju àwọn kan lọ. Àwọn wáyà wọ̀nyẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í já nínú ihò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí wọn. Èyí tó kù á ru tiwọn mọ́ tirẹ̀.

Ó ṣì ku ìbéèrè kan: èéṣe tí sọ́kẹ́ẹ̀tì afárá àti ti ọkọ̀ òkun kò fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí síńkì wọn jẹ́ síńkì kan náà? Irú ẹrù ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Sílíǹgì kirénì ń ru ẹrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ìlànà sì ní kí agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ẹrù náà. Ní Arecibo, ẹrù kò sọ̀ fún ìṣẹ́jú kan rí, lọ́sàn-án lóru, ìlọ́po ààbò okùn náà kò sì ju méjì àti díẹ̀ lọ. Ìwọ̀n kékeré yìí kò lòdì sí ìlànà ìgbà náà. Ṣùgbọ́n okùn ni ìlànà náà ń wò; kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó yàwòrán rẹ̀ pé báwo ni síńkì inú sọ́kẹ́ẹ̀tì á ṣe rí lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìwádìí tí NASA ṣe ní ọdún 2021 dé orí kókó yìí gan-an: wọn kò ṣírò ìnira inú sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, wọn kò sì ṣírò ohun tí àkókò ń ṣe sí i. Wọ́n tún rí wáyà kan tó sán nítorí háídírójìn.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ títí dé òpin

Ìjì Maria kọlu Puerto Rico ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Ó mi pèpéle náà ju bí wọ́n ti rí i tẹ́lẹ̀ lọ. Pèpéle kò já, wọ́n sì tún ohun tó bàjẹ́ lórí rẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn okùn wò lẹ́yìn ìjì, M4N ti yọ jáde lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ìwọ̀n tó ju mìlímítà 25 lọ. Ẹ fi èyí wé ìnípọn okùn: ó ń lọ sí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Sísún àkọ́kọ́ tí a ń retí lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun kò jọ èyí rárá, okùn náà kì í sì í ṣe tuntun. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìmìtìtì ilẹ̀ mi erékùṣù náà, èyí tó tóbi jù nínú wọn sì jẹ́ 6.4 lórí òṣùwọ̀n agbára ìmìtìtì. Oṣù méje lẹ́yìn náà ni M4N bọ́.

Lẹ́yìn tí ó bọ́, okùn márùn-ún ló kù lórí Òpó 4: mẹ́rin ti ọdún 1963 àti àfikún kan. Ẹrù rẹ̀ pín sórí wọn. Wọ́n pe àwọn ẹnjiníà, wọ́n ṣírò, wọ́n sì gbà pé àwọn márùn-ún tó kù lè gbé e títí okùn ìpààrọ̀ yóò fi dé. Wọ́n ti fi owó sílẹ̀ fún okùn náà. Ní alẹ́ ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin àtijọ́ já nítòsí orí òpó. Ojú ọjọ́ tutù pẹ̀sẹ̀. Ìṣírò fi hàn pé nǹkan bí ìdá 60 péré nínú 100 agbára tó yẹ kí ó já sí ni ẹrù rẹ̀ wà.

Ohun tí okùn kejì yìí sọ ni pé ìṣírò kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Bí okùn kan bá já ní ìdá 60, kò sí ẹni tó mọ ìdá tí àwọn yòókù máa já sí. Àjọ National Science Foundation, tó ni ibùdó náà, kéde ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá pé wọn kò ní rán ẹnikẹ́ni gun òpó tàbí wọ abẹ́ pèpéle láti tún un ṣe. Wọn á tú u palẹ̀ ní ọ̀nà tí kò ní pa ènìyàn. Ìpinnu tó ṣòro ni, nítorí ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hulse àti Taylor ti rí ìràwọ̀ oníméjì tó mú wọn gba ẹ̀bùn Nobel ọdún 1993. Ṣùgbọ́n òun ló tọ́. Kí oṣù náà tó parí, wáyà tuntun ń já lára àwọn okùn tó kù, sọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn okùn àfikún mìíràn sì tún ti sún sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá, kí aago mẹ́jọ tó lù, dróònù kan ń fò lẹ́bàá orí Òpó 4, ó ń ya àwòrán àwọn okùn náà. Ó yà á bí wáyà ṣe ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí okùn kan ṣe lọ, bí èyí tó kù ṣe tẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú-àáyá. Pèpéle náà fò lọ sí apá kejì, ó sì wó sórí àwo. Bí ẹrù ti kúrò níwájú òpó, àwọn okùn ẹ̀yìn fa orí òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya lulẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, nítorí pé wọ́n ti lé gbogbo ènìyàn kúrò lágbègbè tó léwu.

Àbájáde ìwádìí

Ìgbìmọ̀ National Academies, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ti Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn tiwọn jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Wọ́n ní sísún síńkì fún ìgbà pípẹ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni gbòǹgbò ìwó náà, ìjì Maria sì wà lára ohun tó ti í síwájú. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé síńkì náà sún yá ju bí ìmọ̀ tó wà nílẹ̀ ti lè ṣàlàyé lọ. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ayé ti ń lo sọ́kẹ́ẹ̀tì onísíńkì, wọn kò sì rí àkọsílẹ̀ irú èyí rí. Wọ́n wá dábàá ohun kan: ẹ̀rọ rédà alágbára Arecibo, tó máa ń tan ìgbì rédíò tó tó mẹ́gáwáàtì kan sójú ọ̀run, lè ti máa rán iná mànàmáná díẹ̀ gba inú àwọn okùn kọjá, iná náà sì lè mú kí síńkì rọ̀ láti sún. Àwọn fúnra wọn sọ pé kò tíì sí ẹ̀rí tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àbá náà yẹ kí a wádìí rẹ̀ sí i. Fún ẹni tó ń yẹ okùn wò, apá mìíràn nínú ìròyìn kan náà ló wúlò jù. Ìgbìmọ̀ náà sọ pé yíyọ okùn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń pọ̀ sí i, tí ojú rí ní oṣù àti ọdún ṣáájú, ló yẹ kí ó ti dá ìpayà tó ga jù sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé ìgbésẹ̀ kíákíá. Ìyẹn ni pé a rí ohun náà. Wọ́n tilẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ohun tí kò sí ni ìlànà kan tó sọ fún ẹni tó wọ̀n ọ́n pé níbí ni kí o ti dúró, kí o sì pe ọ̀gá rẹ.

Ohun tí a lè máa ṣe lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ gbé ẹrù lé sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí a jẹ́ kí ó jókòó. Lẹ́yìn náà, kí a fi ọ̀dà tín-ín-rín fa ìlà yíká okùn, bíi mìlímítà 100 sí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí a sì wọn àlàfo náà ní ojú mẹ́rin yíká: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́, ooru ojú ọjọ́ àti ìwọ̀n ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Ojú mẹ́rin ṣe pàtàkì. Bí apá kan bá sún ju apá kejì lọ, ọwọ̀ inú rẹ̀ kò tàn dáadáa ni, tàbí kí wáyà ti já níbẹ̀.

Bí ìwọ̀n náà bá yí padà lẹ́yìn ìjókòó àkọ́kọ́, ì báà jẹ́ mìlímítà méjì, kí a wọ̀n ọ́n léraléra ní àkókò kúkúrú sí i. Bí ó bá tún yí padà, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti rúlà. Kí a gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe gba àlàyé pé ojú kan náà ló wà láti ọdún tó kọjá bí kò bá sí ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀.

Àwọn àmì mìíràn wà tí kò nílò rúlà. Ibi tí ọ̀dà kò dé lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí irin ibẹ̀ mọ́ tàbí tí ó ní ìpẹtà tuntun, fi hàn pé ohun tó wà nínú tẹ́lẹ̀ ti bọ́ síta. Lókè sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí ojú síńkì bá ti rì wọ inú ju bí ó ti wà lọ, ìròyìn kan náà ló ń mú wá láti apá kejì. Wáyà kan tó bá já ní ẹnu gan-an burú ju wáyà mẹ́ta tó já láàárín okùn lọ, nítorí pé láàárín okùn, wáyà tó já á tún padà ru ẹrù lẹ́yìn ìwọ̀nba gígùn díẹ̀. Lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò sí gígùn mìíràn tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Rẹ́síǹnì, oje kan tó máa ń dì, wà tí a lè fi rọ́pò síńkì nínú ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. A máa ń pò ó láìlo iná, nítorí náà kì í sun gírísì, kì í sì í rọ wáyà. Ìrísí ihò náà ló ṣì ń dì í mú. Ó ní àléébù tirẹ̀: tí a bá ṣi ìwọ̀n oògùn tó ń mú un dì pò, tàbí tí a bá lo èyí tó ti kọjá ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀, kò ní le. Wíwọn ẹnu kò yọ òun náà sílẹ̀.

Ní èbúté Àpápá àti ní Onne, sílíǹgì onífẹ́rúùlù ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn oníkirénì. Wọ́n dá okùn padà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ fẹ́rúùlù, ìyẹn òrùka irin tàbí alumíníọ̀mù, mọ́ ọn. Agbára ìdì bẹ́ẹ̀ jẹ́ bíi ìdá 90 sí 95 nínú 100 ti okùn. Híhun lọ́wọ́ àti kílíìpù ń fúnni ní bíi ìdá 80. Inú fẹ́rúùlù náà kò ṣeé wò. Ìrù okùn tó yọ díẹ̀ ní ìdí rẹ̀ ni rúlà tirẹ̀: ọjọ́ tí ìrù yẹn bá ti wọlé, tí kò sí lójú mọ́, kí wọ́n gé sílíǹgì náà sí méjì kí ẹnikẹ́ni má bàa tún fi gbé ẹrù.